Àrokò Orí Bẹ́ẹ̀dì: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ayé Ti Sú Ọ̀rẹ́ Ẹni

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ nìyí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ láti ọdún 2003 fún dídènà pípa ara ẹni. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, àfi àwọn ibi tí mo ti yà bàrá jù.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú ooru náà. Mo rí i pé wọ́n ti mú iná lọ, fáànù ò sì yí, nítorí náà n ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ní ilé ìwòsàn àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn. Ilé wèrè lẹ̀ ń pè é. Mo mọ̀, ẹ má bojú wolẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo lò níbẹ̀. Àwọn ọmọ bíi tiyín ni mo rí jù níbẹ̀: wọ́n wọ jíǹsì, fóònù ń dún lápò wọn, ọ̀rẹ́ kan dì wọ́n lápá mú wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rẹ́ yẹn ni ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀kan fún yín. N kì í dárúkọ aláìsàn, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Oníáyọ́ọ̀nù. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ọdún kẹta rèé ní yunifásítì, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń gbé yàrá kan. Bí sapa bá mú gbogbo họ́stẹ́ẹ̀lì, ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ á ṣì gún régé. Ìyá rẹ̀ ló ra áyọ́ọ̀nù kan fún un nígbà tó wọlé, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá a. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ká wáyà áyọ́ọ̀nù yìí dáadáa, ó fi rọ́bà dè é, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Máa lò ó. N ò nílò ẹ̀ mọ́."

Inú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dùn. Ó rò pé físà ló jáde. Ó ní, "Bọ̀ọ̀bọ́ọ̀, o fẹ́ japa, o ò sọ fún mi!" Oníáyọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dojú kọ ògiri, ó sùn.

Ẹ ti gbọ́ nípa àrokò rí, àbí? Láyé àwọn baba wa, ọ̀rọ̀ tí ẹnu ò bá lè sọ, wọ́n á fi nǹkan pa á ní àrokò. Ẹni tó bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ó ń sọ pé ọkàn òun fà mọ́ ọ. Ẹẹ́fà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi rán lè má mọ ohun tó gbé dání. Ẹni tó gbà á ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kà.

Áyọ́ọ̀nù orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, àrokò ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á, kò rí i kà. Ó fẹ́ràn rẹ̀ o. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí ni. Ohun tó gbé mi wá síbí lónìí nìyẹn.

Àwọn kan á sọ pé àrùn òyìnbó ni èyí, pé Yorùbá kì í pa ara rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó lé ní 700,000 ènìyàn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn lọ́dọọdún, àti pé láàárín àwọn tó wà ní ọdún 15 sí 29, òun ni ohun kẹta tó ń pa wọ́n jù. Nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo wọn ló wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, àti àwọn tí ọwọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́nu bíi tiwa. Àwa náà mọ̀, a kì í sọ ni. Bó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, wọ́n á ní àìsàn ránpẹ́ ni. Wọ́n á sìnkú kíákíá, wọ́n á sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ó dáa. Báwo ni àrokò yìí ṣe máa ń rí?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látẹnu. Gbogbo wa là ń sọ pé "ó ti sú mi". Èmi gan-an sọ ọ́ láàárọ̀ yìí nígbà tí mo dé ilé epo. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá sọ ọ́ ló fẹ́ kú, ẹ má lọ máa lé ara yín kiri. Ẹ fetí sí èyí tí kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé "ẹrù ni mo jẹ́ fún yín", pé "bí mo bá sùn tí n ò jí, ta ló máa mọ̀", pé "láìpẹ́ ẹ máa sinmi lọ́wọ́ wàhálà mi". Ẹni tó bá ń béèrè bí ìyá òun ṣe máa ṣe é bí òun ò bá sí. Ẹni tó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí sítátọ́ọ̀sì ní agogo mẹ́ta òru, tó sì ti pa á rẹ́ kó tó di agogo mẹ́fà. Àwọn tó bá rí i á ní ó fẹ́ kí wọ́n ṣàánú òun ni. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé àánú ló ń wá ńkọ́? Ẹni tó ń rì sínú odò náà, àánú ló ń wá.

Lẹ́yìn ẹnu ni ọwọ́. Ó ń pín ohun tó fẹ́ràn. Ó ń san gbèsè kéékèèké tó ti gbàgbé tipẹ́, ó ń tọrọ àforíjì lórí ìjà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kò wá sí kíláàsì mọ́. Ọtí tí kì í mu, ó ti ń mu ún. Èyí tó ń mu tẹ́lẹ̀, ó ti di ìlọ́po. Oorun sá lójú rẹ̀, tàbí kó máa sùn láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó ń wá bí òun ṣe máa kú kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí o bá rí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la.

Ara náà ń sọ̀rọ̀, pàápàá jù lọ ara ọmọ Yorùbá. A kì í sábà sọ pé "ìbànújẹ́ dorí mi kodò". A máa ń ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lára mi bí èèrà, àyà mi ń já. Ní 1960, dókítà ará Kánádà kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Àrò, ilé ìwòsàn ọkàn tó wà ní Abẹ́òkúta, Raymond Prince, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ń wá bá a: orí ń jó wọn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n ń ka ìwé kò sì wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló fúnra wọn pè é ní "brain fag". Wọ́n rò pé ìwé kíkà ló ba ọpọlọ wọn jẹ́. Nínú wáàdì wa, mo rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti lo oògùn ibà nígbà mẹ́rin nítorí orí gbígbóná, tí ẹnikẹ́ni ò sì béèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Ọ̀kan ṣì kù, òun ló sì ń tan ènìyàn jù. Ẹni tó ti ń sunkún láti oṣù méjì, ó jí lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó wẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó kí gbogbo ènìyàn. A ó ní, "Ẹ ṣeun Olúwa, ó ti bọ́!" Ó lè ti bọ́ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ìpinnu ló ti ṣe. Bí ìbàlẹ̀ ara bá dé láìsí ìdí tó hàn, sún mọ́ ọn, má ṣe rìn jìnnà.

Kí ló ń fà á? Ìsoríkọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, àìsàn bí àìsàn yòókù, tó ní oògùn àti ìtọ́jú. Ẹni tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ bá yín jà lé lórí, òwe wa ni. A ní ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn àgbà tó pa á mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n fi ń kìlọ̀ kí ènìyàn má hùwà ìtìjú ni. Ọmọ ogún ọdún gbọ́ ọ bí àṣẹ. Ẹ wo àwọn tó wá sọ́dọ̀ wa: èyí tó ti purọ́ nílé pé òun ń múra ìwé-ẹ̀rí, kárí-ovà mẹ́fà sì wà lọ́rùn rẹ̀, ọmọbìnrin tí ẹnì kan ń fi fọ́tò ìhòòhò rẹ̀ halẹ̀ mọ́, ẹni tó fi owó ilé ìwé ta tẹ́tẹ́. Ẹ̀sín ni gbogbo wọn ń sá fún.

Ti Oníáyọ́ọ̀nù náà nìyẹn. Ó fi owó ilé ìwé ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ó pàdánù rẹ̀. Ó bá yá owó lórí áàpù láti fi dí i. Ẹ mọ àwọn áàpù yẹn. Wọ́n á ní kí o jẹ́ kí àwọn wo nọ́ńbà inú fóònù rẹ. Bí o bá pẹ́ san, wọ́n á kọ̀wé sí gbogbo wọn pé olè ni ọ́. Ní 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, gbé ìlànà jáde fún àwọn ayánilówó orí fóònù, wọ́n sì ti lé àwọn kan kúrò, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tíì parí ìwà náà. Àwọn tí wọ́n yá ọmọ yìí lówó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀, sí àbúrò ìyá rẹ̀, àti sí alága ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n kọ "ọ̀daràn" sí i lójú. Owó náà ò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà.

Kò sí ẹ̀sín tó tó ẹ̀mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wà nínú rẹ̀, létí lásán ló máa gba kọjá. Ohun tó máa ń wọlé sí i ni kí ẹnì kan mọ àṣírí náà, kó sì ṣì jókòó tì í.

Mo wá dé ibi tó ṣòro jù: ìbéèrè.

Ẹ̀rù ń bà yín pé bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, ẹ ó fi sí i lọ́kàn. Irọ́ ni. Wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀ léraléra. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn, ìtura ló sábà máa ń mú wá. Nítorí náà, ẹ má fi òwe bò ó. Ẹ má ní, "Ṣé kò sí o?" Èsì tó máa wá ni "Kò sí." Ẹ mú un lọ síbi tí etí kò pọ̀. Sọ ohun tí o rí, kí o sì béèrè ní tààrà: "O fún mi ní áyọ́ọ̀nù rẹ. O ò jẹun láti àná. Ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ ni?" Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn máa gùn ju wákàtí ìdánwò lọ. Má ṣe fi ọ̀rọ̀ kún un.

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má pariwo "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mo mọ̀ pé ó máa fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ, gbé e mì. Má sọ fún un pé àwọn tí ìyà wọn ju tirẹ̀ lọ wà. Má béèrè bóyá kò ń gbàdúrà. Ó ṣeé ṣe kó ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Sọ pé, "O ṣeun tí o sọ fún mi. N ò ní fi ọ́ sílẹ̀."

Ó máa ní kí o búra pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Má búra. Àwa Yorùbá fẹ́ràn ẹni tó mọ àṣírí í bò, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣírí tó ń pani. Sọ fún un lójúkojú: "Ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́ nìkan ni màá sọ fún, ìwọ náà á sì mọ ẹni tí mo sọ fún." Lẹ́yìn náà, kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nínú yàrá, oògùn àti kẹ́míkà kòkòrò pàápàá, gbé e lọ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó. Èyí ju bó ṣe rí lọ o. Bí ìjì ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń rí: ó máa ń jà kíkankíkan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí wákàtí díẹ̀, á sì rọlẹ̀. Ẹni tí kò rí nǹkan kan nítòsí lásìkò yẹn lè rí àárọ̀. Nínú àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ tí wọ́n yè, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kò padà kú ikú bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbé ayé wọn lọ ni. Mo ti jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó àwọn kan nínú wọn.

Ìwọ nìkan ò gbọ́dọ̀ gbé e. Pe àgbà kan tí kì í pariwo: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, olùkọ́, ìyá ọ̀rẹ́ yín. Àlùfáà àti pásítọ̀ dára bí wọ́n bá jẹ́ irú èyí tó máa gbàdúrà tán tó sì máa ní "ó yá, ẹ wọkọ̀ ká lọ sí ilé ìwòsàn". Èyí tó bá ní kí ẹ so ó mọ́lẹ̀ fún ogójì ọjọ́, ẹ tètè gbé ọ̀rẹ́ yín kúrò níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn bíi UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọkàn. Ti Yábàá àti Àrò wà fún iṣẹ́ yìí gan-an. Bó bá ti di kíákíá, wọ́ọ̀dù pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ dé ná. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rẹ́ tó ti japa, òtútù àti owó ilé ìwé ń bá wọn jà níbẹ̀ náà: ní Bírítéènì, 116 123 ni wọ́n á pè, ní Amẹ́ríkà, 988, tọ̀sán-tòru.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò dé Àrò. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, ó sì ní kí mọ̀lẹ́bí kan máa bá aláìsàn gbé níbẹ̀. Wọ́n á gba oògùn láàárọ̀, wọ́n á sì padà sílé ẹni tó ń se ọbẹ̀. Gbogbo ayé wá wò ó. Ìgbàkigbà tí mo bá rí ọ̀rẹ́ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wáàdì wa, tó ń fi búrẹ́dì àti ẹ̀pà panu nítorí pé kò fẹ́ lọ sílé, Lámbò ni mo máa ń rántí.

Ẹnì kan ti na ọwọ́, mo mọ ohun tó fẹ́ béèrè: ọlọ́pàá ńkọ́? Òótọ́ ni. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí òyìnbó fi jogún fún wa sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Òfin Èkó ti 2011 sàn díẹ̀, ilé ìwòsàn ló ní kí adájọ́ rán an lọ. Ní oṣù Kìíní 2023, wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Lójú tèmi, òfin 327 yẹn ti pa ju àwọn tó gbà là lọ, nítorí òun ló ń mú kí àwọn òbí máa fi ọmọ pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró. Aláìsàn lẹ gbé wá, dókítà lẹ sì gbé e wá bá.

Kí wá ló ṣẹlẹ̀ sí Oníáyọ́ọ̀nù? Ìyá ẹlẹ́wà ló ka àrokò náà. Ẹ ṣé ẹ gbọ́? Kì í ṣe lẹ́kíṣọ̀rà, kì í ṣe èmi. Lọ́jọ́ kejì, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń ra ẹ̀wà, ó ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ wá sanwó fún mi láàárọ̀ yìí. Gbogbo gbèsè ló san, ó tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun dúpẹ́. Ṣé ó ń lọ ibì kan ni? Ojú ẹ̀ ò rí bí ojú ẹni tó ń rìnrìn àjò o."

Ọmọ yẹn fi ẹ̀wà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sáré. Ó bá a nínú yàrá, ó jókòó. Ó béèrè ní tààrà, kò tiẹ̀ tíì mí délẹ̀. Èkejì wò ó títí, ó ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà láàárín, Oníáyọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ sì ń bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní wáàdì.

Wọ́n bi mí léèrè níbi tí mo ti kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí pé: bí inú bá bí i sí mi títí láé ńkọ́? Ó lè bí i. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìgbà tí ènìyàn jáde ní ilé ìwòsàn máa ń léwu, nítorí náà bínú tó ń bínú, ẹ máa kàn sí i, kódà kó jẹ́ "o ti jẹun?" lásán. Odidi oṣù méjì ni Oníáyọ́ọ̀nù ò fi bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ náà ń kọ̀wé sí i, kò ń fèsì. Nígbà tó wá di ọjọ́ Sunday kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Òun ni. Ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ rún wọmúwọmú. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ní, "Áyọ́ọ̀nù mi dà?"